Kíbọ́ọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà kì í gba páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ keylogger

Láti Lagere dé Mayfair, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń fún èèyàn ní Ilé-Ifẹ̀ níbí: "Má fìka tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ. Ṣí kíbọ́ọ̀dù tó wà lójú kọ̀ǹpútà, kó o fi máùsì tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Keylogger ò ní rí i." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn wá, torí àwọn tó ń ṣọ́ra jù lọ gan-an ló ń tẹ̀ lé e.

Keylogger ni ètò tó ń sá pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó ń kọ gbogbo bọ́tìnì tí ẹ bá tẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó rán an wá. Ọ̀pọ̀ rò pé inú kíbọ́ọ̀dù tá à ń fọwọ́ tẹ̀ ló ń gbé. Inú Windows ló ń gbé, lójú ọ̀nà tí gbogbo lẹ́tà ń gbà kọjá.

Ẹ dán an wò. Ẹ ṣí Notepad, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì Windows, Ctrl àti O pa pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù náà á yọ sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi máùsì tẹ "m". "m" á hàn nínú Notepad bí ìgbà tẹ́ ẹ fìka tẹ̀ ẹ́. Notepad ò mọ ìyàtọ̀, torí pé Windows ni kíbọ́ọ̀dù yìí fi lẹ́tà náà lé lọ́wọ́, Windows ló wá gbé e fún Notepad. Keylogger tó lúgọ sójú ọ̀nà yẹn ti rí "m" kí ẹ̀yin tó rí i. Ẹni tí kò lè lo kíbọ́ọ̀dù gidi ni Microsoft ṣe é fún, wọn ò ṣe é torí olè.

Ibì kan ṣoṣo ló ti wúlò. Keylogger kan wà tó ṣeé fọwọ́ mú, kékeré bí orí fúláàṣì. Wọ́n á kì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá ki wáyà kíbọ́ọ̀dù bọ òun náà. Ohun tó bá gba inú wáyà kọjá nìkan nìyẹn lè rí. Àmọ́ ojú lásán tó láti rí i: ẹ fọwọ́ tọ wáyà kíbọ́ọ̀dù dé ìdí. Bí nǹkan bá wà láàárín rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tí ẹ ò mọ̀, ẹ yọ ọ́.

Àwọn ọgbọ́n yòókù ńkọ́? Bí ẹ bá kọ́pì páswọ́ọ̀dù láti ibòmíì, ọ̀pọ̀ keylogger ló ń ka ohun tí ẹ kọ́pì. Bí ẹ bá fi máùsì tẹ̀ ẹ́, àwọn kan máa ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí máùsì bá ti dún. Àwọn tó ń da lẹ́tà rú, tí wọ́n ń tẹ ìparí kí wọ́n tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ títí. Zeus, ètò olè kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní 2007, kì í dúró ka bọ́tìnì lásán. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì ìwọlé lórí ìkànnì kan, ó ń kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí tí ẹ kọ páswọ́ọ̀dù sí lódindi, kí bùráúsà tó sọ ọ́ di àdììtú. Ìdí nìyẹn tí àmì àgádágodo òkè bùráúsà ò fi lè dá a dúró.

Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ẹ má ṣe yí páswọ́ọ̀dù padà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń fura sí. Tuntun náà á tẹ olè lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní Windows 11, ẹ wọ Windows Security, lẹ́yìn náà Virus & threat protection, lẹ́yìn náà Scan options, kí ẹ mú Microsoft Defender Antivirus (offline scan). Kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tún tan, á sì yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó jí. Ó tó ìṣẹ́jú 15, nítorí náà ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí NEPA má baà mú iná lọ láàárín.

Bó bá rí nǹkan, àwa ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ kàn pa á rẹ́ kí ẹ máa lò ó lọ. Ẹ kó ìwé àti fọ́tò yín nìkan sórí fúláàṣì, ẹ má kó fáìlì .exe kankan. Ẹ wá lọ sí Settings, System, Recovery, Reset this PC, kí ẹ mú Remove everything.

Ọ̀nà tí keylogger fi ń wọlé? Lọ́pọ̀ ìgbà, Office tàbí géèmù tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀ ni. Bí ìlànà rẹ̀ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òmíràn ni fáìlì tó ń jẹ́ "result.pdf.exe", tí Windows ń fi ìrù rẹ̀ pamọ́, tó fi dà bí ìwé lásán. Ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà Show, kí ẹ mú File name extensions.

Lórí fóònù tó mọ́ ni kí ẹ ti yí páswọ́ọ̀dù. Ímeèlì ló ṣáájú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà tún ti àwọn yòókù ṣe. Ẹ sì yọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí àkáǹtì náà jáde, torí bí olè bá ti jí cookie, ìyẹn àmì tí bùráúsà ń tọ́jú láti fi hàn pé ẹ ti wọlé, ó lè wọlé láìbéèrè páswọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ tan áàpù tó ń mú nọ́ńbà ìwọlé tuntun wá ní ìṣẹ́jú àáyá 30, 30. Passkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú fóònù yín tí ẹ lè fi ìka tàbí ojú ṣí, tún dára jù ú lọ, torí kò sí páswọ́ọ̀dù kankan tí ẹ ó tẹ̀. Google á fún yín ní nọ́ńbà ìrànwọ́ 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígíìtì 8, fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù. Ẹ fi bírò kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi wọ́n sínú àpótí, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà.