Kíka jíìnì hamster kò yí i padà
Ìròyìn kan ń jà ràn-ìn pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ka jíìnì hamster, ẹran kékeré kan tó jọ eku, ti yí ẹran náà padà kí ó lè máa kó kòrónà. Irọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń ka jíìnì ni pé wọ́n á fa DNA, èròjà tó gbé jíìnì, jáde lára rẹ̀, ẹ̀rọ á kà á ní wẹ́wẹ́, kọ̀ǹpútà á sì tò ó pọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fi kún un. Hamster ń kó SARS-CoV-2, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa kòrónà, fúnra rẹ̀, torí ACE2, èròjà tí fáírọ́ọ̀sì náà ń dì mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì, jọ tiwa. Eku kéékèèké inú yàrá ìwádìí ni wọ́n fi jíìnì ènìyàn sí lára, nítorí fáírọ́ọ̀sì ti ọdún 2019 fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ran àwọn eku náà. Àkọsílẹ̀ jíìnì hamster àkọ́kọ́ sì ti jáde láti 2013.