Ìjàkadì Lorò Ọ̀fà, Ṣùgbọ́n Kì Í Ṣe Nínú Omi

Ẹni tó bá tún pè mí ní Baba Oníbàrà, kò ní fẹnu kan ṣokoléètì tí mo gbé wálé. Mo ti sọ tèmi. Mo ń kọjá lọ́jà Owódé nílùú Ọ̀fà níbí láàárọ̀ yìí, obìnrin eléso kan gbé bàrà olómi sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra kọjá o, èyí náà lè jà." Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí n kò rí rí láyé mi! Ìyàwó mi ló gbé fídíò ibi tí mo ti ń bá bàrà jà nínú omi sórí sítátọ́ọ̀sì, Àlàájì ẹ̀gbọ́n mi gbà á, wọ́n sì pín in káàkiri ìlú bíi sàráà.

Ó yá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tọ́rọ̀ kàn.

Ooru dé ní Kánádà tí à ń gbé, ilé-ìwé gba ìsinmi, èmi ń ṣiṣẹ́ òru, ìyàwó mi ń ṣe tọ̀sán. Ẹ ti mọ ìyókù. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kámpù wà fáwọn ọmọdé, létí adágún omi kan nínú igbó lọ́hùn-ún. Mo wo iye tí wọ́n pè é, mo nu ojú, mo tún un wò. Owó kọ́mọ lè sùn nínú igbó! Kẹ́fọn jẹ ẹ́! Kó máa ṣa igi ìdáná! Gbogbo èyí la ṣe lóko baba wa lọ́nà Ìpé, kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Wọ́n tún ń nà wá kún un, ọ̀fẹ́ ni.

Wọ́n ní bí òbí bá lè wá ṣiṣẹ́ nílé ìdáná, àwọn á dín owó kù. Bí èmi tí mo kàwé ìṣirò owó ní Pólì Ọ̀fà ṣe di ẹni tó ń bó pòtétò nìyẹn. Àwọn òyìnbó ń yìn mí pé ọwọ́ mi yá. Ará Ọ̀fà! Wọn ò mọ̀ pé ànàmọ́ ni wọ́n fi gba ọmú lẹ́nu wa.

Aago méje àárọ̀, agogo á dún. Wọ́n á to àwọn ọmọ sídìí àsíá, wọ́n á gbàdúrà, ẹni tí kò bá sì ka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ lórí, á máa wo oúnjẹ níran. Tí wọ́n bá jẹun tán, ẹnì kan á wá yẹ ibùsùn wò, torí yàrá tó bá mọ́ jù ló máa kọ́kọ́ jẹun lọ́sàn-án. Ọmọ mi tí kì í tẹ́ ibùsùn nílé ń tẹ́ tirẹ̀, ó tún ń tẹ́ tẹlòmíràn! Inú bí mi. Ìsìn, orin, ọkọ̀ àjẹ̀, ọfà títa. Ọlálọmí ọdẹ ló tẹ ìlú Ọ̀fà yìí dó o, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọrun mú, wọ́n ní ìgúnpá rẹ̀ kò dáa.

Àwọn tó ń mójú tó wọn, ọmọdé làwọn náà, wọn kì í sì í jẹ́ orúkọ wọn níbẹ̀. Èyí tó ń ṣọ́ yàrá ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Noodle ni wọ́n ń pè é. Àlàájì ní ṣé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni àwọn òbí ẹ̀ ò rí ìrẹsì sè ni.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé bàrà olómi ńlá kan jáde, wọ́n fi ìpara pa á títí ó fi ń dán, wọ́n jù ú sómi. Ìdajì àwọn ọmọ lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Apá tó bá gbé e gúnlẹ̀ ló jàre. Noodle ní káwọn òbí náà bọ́ sí i. Ni ọmọ tí mo fi owó ara mi tọ́ bá nawọ́ sókè, ó ní, "Ìjàkadì ni wọ́n ń jà nílùú dádì mi!" Èmi ni mo kọ́ ọ. Alaalẹ́ ni mo fi ń halẹ̀ mọ́ ọn.

Mo wọ omi. Oṣù keje ni wọ́n ní àwọn wà o, omi tutù débi pé mo gbàgbé orúkọ baba mi. Mo sún mọ́ bàrà, mo dì í mọ́ra. Ó yọ. Mo tún dì í, ó gba abíyá mi jáde, ó yí padà, ó fi orí gbá mi nímú. Mo ní "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín!" kí n tó kan Ọlálọmí, omi ti kún ẹnu mi. Ẹ gbọ́, bàrà yẹn gùn mí. Ó jókòó lé mi láyà. Mo rí baba wa kedere, wọ́n wọ agbádá, wọ́n ní, "Ṣé ohun tó o bá lọ nìyí?" Mo ké "Jésù!" Bàrà ò gbọ́. Mo fi "Yáà Ọlọ́hun!" kún un, ṣebí ẹ̀sìn méjèèjì ló wà nílé wa. Noodle ló fà mí yọ. Omi ò kọjá ìbàdí. Ó rọra ń bi mí bóyá mo mọ ọjọ́ tí a wà, àwọn ọmọ sì ń kọ orin ìtùnú fún mi, orin tí wọ́n ń fọwọ́ júwe. Bàrà ń léfòó lọ ní tirẹ̀, kò sí ibi tó bó lára ẹ̀.

Àlàájì fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní kámpù Kìrìsìtẹ́nì ló kó bá mi, pé àwọn tí àwọn ń ṣàlùwàlá lójoojúmọ́, omi mọ àwọn. Mo rẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e: owó páànù. Wọ́n ní ẹni tó ráyè bá bàrà jà, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ká ní mo rì ni, wọ́n á ní kí òkú kọ́kọ́ fi nǹkan ránṣẹ́.

Lásìkò ìsinmi ọ̀sán, wọ́n máa ń ní káwọn ọmọ kọ lẹ́tà sílé. Ọmọ mi kọ tirẹ̀ sí Màmá Ọ̀fà. Mo ní, "Ṣebí o mọ̀ pé màmá ti kú?" Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní káwọn kọ ọ́ sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín jù. Ó ya bàrà, ó ya èmi sábẹ́ ẹ̀.

Fóònù ni mo fi wo ìsìnkú ìyá mi. Pépà mi ò tíì jáde. Wọ́n gbé pósí dé etí ilẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ìgbà tó máa padà, ìrẹsì ni mo rí tí wọ́n ń bù. Owó màlúù tí mo fi ránṣẹ́ wọlé ní tiẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìyẹn ò lọ. Mo dúró kẹ́nì kan pè mí, kó sọ bó ṣe rí fún mi. Ẹni tó pè, iye tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó ló fẹ́ kí n gbọ́.

Kí lẹ wá dákẹ́ sí? Ẹ bu ànàmọ́ sí i, mi ò wá síbí wá bó o.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ tuntun. Àlàájì ní kí n gba físà fáwọn ọmọ àwọn mẹ́rin, káwọn náà lọ kámpù. Mo ní, Àlàájì, Bíbélì ni wọ́n máa kà sórí kí wọ́n tó jẹun níbẹ̀ o. Wọ́n ní kí wọ́n máa fún wọn ní Sáàmù nìkan, Ànábì Dáúdà ò ya ẹnì kan sọ́tọ̀. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á tẹ̀ lé wọn, àwọn á wà nílé ìdáná. Mo ní, ṣé ẹ lè bó pòtétò? Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi owó ọ̀bẹ ránṣẹ́.