Bí Òkété Bá Dàgbà: Ológbò Arúgbó Ńkọ́?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òbí tó ti darúgbó la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ológbò tó ti lo ọdún 13 nínú ilé, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá láti kékeré, ọmú ta ni yóò mu? Ẹni tó ń bu oúnjẹ fún un ni ìyá rẹ̀, òun náà ni ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kú, ọmú gbẹ nìyẹn.

Ẹbí á pín ilé, wọ́n á pín owó, wọ́n á tiẹ̀ jà sí àga. N kò tíì gbọ́ pé wọ́n jà sí ológbò arúgbó. Wọ́n á ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. À ń ṣi òwe yẹn lò. Ìtùnú ni fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Kò ní kí ẹni tó lọ́wọ́ káwọ́ gbera.

Ológbò tó ń ṣọ̀fọ̀ á sá sábẹ́ ibùsùn, á kọ oúnjẹ. Ẹ má sọ pé ebi á lé e jáde. Bí ó bá fi ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣàìjẹun, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá lè ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kó sì pa á. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti eyín rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ogbó ti sábà máa ń yọ ológbò lẹ́nu. Bó bá ń kó lọ sílé mìíràn, ẹ má fọ aṣọ tó ń sùn lé. Òórùn ilé ló kù fún un.

Ní ilé ìtọ́jú ẹranko tí kò nílé, ọmọ ológbò ni ojú àwọn àlejò máa ń lọ bá. Wọn kò rò ó dáadáa. Ìwà àgbà ti hàn, ti ọmọdé ṣì wà nínú òkùnkùn. Ológbò ọlọ́dún 10 sì lè tún lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò gan-an ni mo ń bá wí. “Àwọn ọmọ mi á mú un” kì í ṣe ètò. Irun ológbò lè máa mú ọ̀kan sín, onílé èkejì lè má gbà á láyè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan pàtó, kó dáhùn, kí ẹ tún wá ẹnì kejì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: oúnjẹ tó ń jẹ, oògùn tó ń lò àti ibi tó máa ń sá pamọ́ sí. Ẹranko kò lè jogún owó, nítorí lójú òfin, òun fúnra rẹ̀ wà lára ogún. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ní òfin tó gba èèyàn láyè láti ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko rẹ̀. Minnesota ló ṣe tiẹ̀ kẹ́yìn, ní 2016. Níbi tí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ fi owó náà sílẹ̀ fún.

Ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìhágún nìkan. Ó lè pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i, ológbò kò sì lè dúró. Ẹ fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi ìwé pélébé sínú pọ́ọ̀sì yín pé ológbò wà nílé, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè.