Wákàtí méjì péré ni fíìmù ní, ìdí nìyẹn tó fi ń parọ́ ẹwà fún wa

Òkun o, gbogbo ilé.

Sátidé tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí tó ń ránṣọ fún mi ní Kàbà, nílẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan ni wọ́n ń lé, maṣíìnì ń dún, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ògiri. Fíìmù ìfẹ́ ni. Ẹ mọ irú ẹ̀: ọmọbìnrin kan wà tó ń lo awò ojú ńlá, ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Ó lọ ṣerun, ó bọ́ awò, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, orin bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin tó ti ń rí i láti ọdún mẹ́ta wá dúró gbagidi. Ọmọ-iṣẹ́ tó yẹ kó máa rán bọ́tìnnì mí kanlẹ̀.

"Háà, àǹtí! Ká ní mo ní irú ojú yìí ni, ọkọ mi ì bá ti dé."

Àǹtí ò gbójú sókè. Ó ní, "Rán bọ́tìnnì."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn bá mi délé, torí pé òun nìkan kọ́ ló gba fíìmù gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ojú ló ń pàdé ojú, pé ẹni tó bá rẹwà jù ló ń rí ẹni gidi fẹ́, àti pé ẹni tí ẹwà tirẹ̀ ò bá yọ, kó yáa wá ọ̀ṣọ́ kún un. (Ẹni tó bọ́ awò yẹn gan-an, arẹwà ni kó tó bọ́ ọ, ojú ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á síṣẹ́. Bó sì ṣe ríran sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìsí awò, èmi ò mọ̀.)

Ẹ jẹ́ ká má fi ẹ̀tọ́ fíìmù dù ú. Ojú lágbára. Lọ́dún 1966, Elaine Walster àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣètò ijó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló mú wọn ní méjì méjì, pé ó mọ ẹni tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu. Irọ́ ni, bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín wọn. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tún rí ẹni tí wọ́n bá jó, máàkì ìdánwò ò nítumọ̀, ìwà ò nítumọ̀. Ojú ló gba gbogbo ẹ̀.

Àmọ́ ẹ tún un wò. Àwọn tí ò mọra rí ni, alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni, bíi wákàtí méjì àbọ̀ lẹ́yìn tí ijó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju bí fíìmù ṣe máa ń gùn lọ. Ẹni tó ń ṣe fíìmù ò ráyè jẹ́ kí o bá ẹnì kan pàdé lọ́jà fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ó ní láti jẹ́ kó wù ọ́ kíá, ojú ló sì yá jù: á gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn, á tan iná sí i, á fi orin sí i.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ tí àkókò bá gùn? Richard Moreland àti Scott Beach dán an wò ní Yunifásítì Pittsburgh, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1992. Wọ́n wá ọmọbìnrin mẹ́rin tí ìrísí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, pé kí wọ́n máa ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì kan. Ọ̀kan ò lọ rárá, ìkejì lọ ní ìgbà 5, ìkẹta ní ìgbà 10, ìkẹrin ní ìgbà 15. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí wọn, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan, wọ́n á jáde. Nígbà tí sáà ń parí lọ, wọ́n fi fọ́tò àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin han kíláàsì náà. Bí ẹnì kan bá ṣe wá tó ló ṣe wù wọ́n tó. Ọmọ yẹn ò kí wọn, kò rẹ́rìn-ín sí wọn, kò pààrọ̀ irun. Ojú ẹ̀ ló kàn mọ́ wọn lára.

Èyí tó wá kan àwa ará ilé gan-an ni ìwádìí ti 2015. Lucy Hunt, Paul Eastwick àti Eli Finkel kó àwọn olólùfẹ́ méjì-méjì 167 jọ, àwọn kan ti ṣègbéyàwó, àwọn kan ṣì ń fẹ́ra, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí ò mọ̀ wọ́n fún ẹwà ẹnì kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ra kété tí wọ́n pàdé, ẹwà wọn sábà máa ń dọ́gba. Àárín àwọn tó ti mọra tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ìfẹ́ ni wọ́n ti rí òrékelẹ́wà tó fẹ́ ẹni tí ìwọ ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn yẹn ò sì gbádùn ara wọn kéré sí àwọn tó bára dọ́gba.

Ta ló wá ń fẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ Òkun wa? Bóyá lọ́jọ́ ọdún iṣu tuntun ní Ògìdì, tí àwọn ará Èkó àti Àbújá bá wálé, tí aṣọ ń tàn yòò, ojú lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ yòókù, ẹni tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni, ẹni tí ẹ jọ ń wọkọ̀ láti Mọ̀pà lọ sí Ìsánlú, ẹni tó ń ta iṣu nítòsí ìsọ̀ ìyá rẹ. A ti rí ara wa ju ìgbà 15 lọ.

Ẹ má sì sọ fún mi pé "ìwà lẹwà" ni mò ń wí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọbìnrin, ó máa ń dà bí ìpẹ̀, bí ẹni pé kó gba ìwà torí pé ẹwà ò sí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹwà fúnra rẹ̀ ń yí padà lójú ẹni tó ń wò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò lórí ẹni tó dára. Tó bá pẹ́ tá a ti mọra, ohun tó wu Táyé á yàtọ̀ sí èyí tó wu Kẹ́hìndé.

Irọ́ fíìmù mìíràn wà tí mo kórìíra ju èyí lọ, ìyẹn ọmọkùnrin tí wọ́n ti kọ̀, tó ń tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ kiri títí tó fi gbà. Ẹni tó bá fi ìgbà 15 yẹn ṣe àwáwí fún irú ìyẹn ti ṣì mí gbọ́. Àwọn ọmọbìnrin ọ̀hún ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ọkọ àǹtí wá bá wọn tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ náà nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ tó ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo bi àǹtí pé ṣé ojú rẹ̀ ló rí nígbà náà.

"Ojú wo? Ọ́ìlì ló kún ojú ẹ̀! Tó bá lọ tán, mi ò lè sọ bó ṣe rí."

"Ní báyìí ńkọ́? Ó rẹwà àbí kò rẹwà?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí ọkùnrin náà lóṣòó sí, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, tí ọ́ìlì tún lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó yíjú sí mi bí ẹni pé mo bi í pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́.

"Ṣé ẹ ò rí i ni?"