Dìméjì Bánkọ́lé kò ṣojú Ọdẹ́dá rí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíì mọ́. Ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp ni pé Dìméjì Bánkọ́lé ló ṣojú àwọn abúlé Ọdẹ́dá àti Ọbáfẹ́mi-Òwòdè l'Ábújá, pé ó di Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin tán, ó gbàgbé wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù Abẹ́òkúta ló ṣojú, láti 2003 títí di 2011. Oṣù kọkànlá 2007 ló di Abẹnugan, lẹ́yìn tí Patricia Etteh kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Àríwá Abẹ́òkúta ni wọ́n so Ọdẹ́dá àti Ọbáfẹ́mi-Òwòdè mọ́: ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, aṣojú kan péré. Ẹ sì wo bó ṣe gbòòrò tó, láti Ìbẹ̀rẹ̀kodò títí dé Ọ̀fàdà onírẹsì! Olúmìdé Ọ̀ṣọbà, ọmọ gómìnà tẹ́lẹ̀, Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, ló wọlé níbẹ̀ ní 2019.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá, n ò tiẹ̀ bá wọn wí púpọ̀. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Kútọ̀ tó ń lọ sílé ní Òṣíẹ̀lẹ̀, bẹ́ ẹ bá bi í, Abẹ́òkúta ló máa ní òun ń gbé. Bẹ́ẹ̀ Ọdẹ́dá ni Òṣíẹ̀lẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni Alábàtà wà, níbi tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó yọ káàdì ìdìbò rẹ̀ jáde, kó ka ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lára rẹ̀.