Ẹ̀ṣẹ̀ Kan, Ìtanràn Méjì: Ta Ló Ni Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà Gan-an?

Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, ta ni kò mọ ọ̀nà yẹn? Kò gba odidi wákàtí kan bí mọ́tò bá dára. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì dá mi dúró níbẹ̀. Aṣọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu wọn: "Ìwé ọkọ̀ dà?" Inú ń bí mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Ẹja yìnyín ni mò ń tà. Ìdájí ni mo máa ń gbé e ní kóòlùrúùmù n'Ífẹ̀, kí n tó wà á lọ bá àwọn oníbàárà mi ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Kátọ́ọ̀nù mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn mọ́tò lọ́jọ́ náà, títù àti kọ́tà, mo fi ọ̀rá àti àpò ìrẹsì wé wọn dáadáa. Ẹni tó bá ti ṣe òwò yìí rí mọ̀ pé bí oòrùn bá ti yọ, eré ló kù.

Àwọn àkọ́kọ́ kò tíì jẹ́ kí n jìnnà sí Ifẹ̀. Wọ́n wo ìwé, ó pé. Wọ́n wo láísẹ́ǹsì, kò lábùkù. Wọ́n wá ní kí n mú ìpaná jáde. Ìpaná wà, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára ti kọjá. Mi ò jiyàn, ẹ̀bi mi ni. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn fún mi, mo fi fóònù san owó ìtanràn sápò ìjọba lójú wọn, rìsíìtì jáde, mo kí wọn, mo lọ.

Kí n tó dé Ọ̀ṣú, àwọn kejì ti nawọ́. Ìpaná yẹn náà ni! Mo fi ìwé ẹ̀sùn hàn wọ́n, mo fi rìsíìtì hàn wọ́n. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀, tí àbígbẹ̀yìn mi jù lọ́jọ́ orí, kò tilẹ̀ wo ojú ìwé náà. "Ìwọ ìyá yìí, tiwọn nìyẹn. Tiwa yàtọ̀." Ìwọ! Mo gbé e mì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti fẹ́ rí ìpaná rà nínú igbó, láti ibi tí wọ́n ti dá mi dúró dé ọ̀dọ̀ yín?" Ó ní ìyẹn ò kan òun. Ó gba láísẹ́ǹsì mi, ó fi há abíyá.

Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́yìn mọ́tò. Omi pupa rúsúrúsú, ó ń ṣàn lórí ọ̀dà, eṣinṣin ti gbọ́ òórùn. Mo rí i tí ọmọkùnrin yẹn fa bàtà rẹ̀ sẹ́yìn kí omi ẹja má bàa kàn án. Ó rí i o! Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà mi. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Àfìgbà tí mo san ìtanràn kejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo kó tó dá láísẹ́ǹsì mi padà.

Àwọn kẹta, lẹ́nu ọ̀nà Iléṣà, ìwé ni wọ́n kàn ń ṣí síwá ṣí sẹ́yìn títí ó fi sú wọn.

Láísẹ́ǹsì tó wà lábíyá yẹn, ọwọ́ ta ló ti jáde? Àwọn VIO ìpínlẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ló ń dán awakọ̀ wò. Àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ ló ń gbowó rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ ló ń tẹ káàdì náà jáde. Káàdì kan, ọwọ́ mẹ́ta. Nígbà tí owó fẹ́ wọlé, wọ́n mọra wọn. Ó wá di ojú títì, tí mo ní kí ẹ̀ka kan gba rìsíìtì ẹ̀ka kejì gbọ́, wọn ò mọra mọ́! Kí ló dé tí kò lè sí ìwé kan tí gbogbo wọn jọ ń wò?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 36, sọ pé ẹni tí ilé ẹjọ́ bá ti dá ẹjọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan, wọn ò gbọdọ̀ tún gbé e wá jẹ́jọ́ lórí rẹ̀, àfi bí ilé ẹjọ́ tó ga jù bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ pàápàá kò lè ṣe é, ẹni tó dúró sábẹ́ igi lẹ́bàá títì wá ń ṣe é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ fún àwọn VIO ibẹ̀ pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n máa dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé e, tàbí kí wọ́n máa bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Àbújá nìyẹn. Ta ni yóò ṣàlàyé fún wa nílé níbí, ibi tí agbára ẹ̀ka kan parí sí tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀?

Nítorí ikú tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ lọ́dún 1977, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Kí èèyàn má kú ni wọ́n ń wá. Nínú gbogbo àwọn tó dá mi dúró lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan ò bẹ̀rẹ̀ wo táyà mi. Ẹnì kan ò ní kí n tẹ bíréèkì kí òun rí i.

Aago mẹ́wàá ti kọjá kí n tó dé ọjà. Ìyá kan tí mo ti ń tà fún tipẹ́ fi ìka tẹ ikùn títù kan, ìka náà wọlé ṣinrin. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ẹlẹ́ja," ó sì lọ sí ìsọ̀ kejì. Àwọn tó ń yan ẹja ló rà á lọ́wọ́ mi, ní iye tí kò tó owó tí mo fi gbé e.

Mo ti ra ìpaná tuntun. Ọjọ́bọ̀ mo tún ń lọ. Mo ti ní kí wọ́n tẹ rìsíìtì méjèèjì sórí bébà, mo sì ti fi sẹ́lótéépù lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀kẹta, kó kọ́kọ́ kà wọ́n sí mi létí.