Yíyínmú Náà, Èébú Ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún mi mọ́ pé "kò kúkú sọ nǹkan kan sí yín." Inú ṣì ń bí mi láti Sátidé.

Èmi àti màmá mi lọ ra léèsì ní Balógun, tí wọ́n fẹ́ wọ̀ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn. Ẹ mọ bí Balógun ṣe máa ń rí ní Sátidé. Ìró àti bùbá àǹkárá tí wọ́n fi ń jáde lójoojúmọ́ ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú sílípáàsì, torí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. A yà sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ káàbọ̀ mà." Kò sí àléébù lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló gbéra láti orí gèlè màmá mi, ó sọ̀ kalẹ̀ dórí sílípáàsì yẹn, ó sì dúró síbẹ̀. Màmá fọwọ́ kan léèsì aláwọ̀ ewé kan, wọ́n bèèrè iye tí wọ́n ń ta yáàdì 5. Ó ní, "Ìyẹn wọ́n o, mà," ló bá kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ló yínmú. Mo rí i kedere: ihò imú kan lọ sókè, ètè òkè tẹ̀ lé e, ojú yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Màmá rọra ká etí léèsì náà padà bí wọ́n ṣe bá a, wọ́n ní ká máa lọ.

Mo sọ̀rọ̀ o. Oníṣọ́ọ̀bù dá mi lóhùn: "Kí ló wá sọ sí yín báyìí, àǹtí? Ṣé ó bú yín ni?"

Kí ló sọ kẹ̀! Nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún wa nílé onílé, ṣé ẹnu ni àwọn ìyá wa fi ń sọ pé ká má jẹ ẹ́? Ojú lásán ni, a ó sì ní "mo ti yó, ẹ ṣé mà," tòun ti ebi. Ọmọ tó bá yínmú sí àgbà, ta ló ń bi í pé kí ló sọ kó tó fọ́ ọ létí?

Ẹ̀rín tó fi kí wa gan-an, irọ́ ni. Duchenne, dókítà ará Faransé, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1862 pé ẹ̀rín tó bá ti inú wá máa ń fún iṣan tó yí ojú ká pọ̀. Ó ní èèyàn lè fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tó bá wù ú, àmọ́ iṣan ojú yẹn kì í fẹ́ gbọ́ràn. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Mushin mọ èyí láìka ìwé kankan.

Àwọn kan á ní ó ti rẹ ọmọ náà ni, ó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀. Àárẹ̀ lè mú ojú ro, mo gbà. Àárẹ̀ kì í yínmú.

Ohun tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe gan-an. Tó bá ní kó bẹ̀ wá, á kúnlẹ̀, á ní "ẹ má bínú mà," ohùn rẹ̀ á sì tutù. Ojú rẹ̀ wá ńkọ́?